Fèrè Yín àti Màṣíìnì Màámi

Bàbá mi tí gbogbo ayé ń yìn,

Mi ò kọ èyí nítorí pé àárò yín ń sọ mí. Inú ló ń bí mi, ẹ̀yin nìkan ló sì yẹ kí n kọ ọ́ sí, bí ẹ kò tilẹ̀ ní dáhùn. Nígbà tí ẹ wà láyé náà, ẹ kì í dáhùn. Ẹ ó kàn gbé fèrè sẹ́nu ni.

Ní ọjọ́ tí a ṣe ìdúpẹ́ ìrántí yín ní Ìkọ̀lé, oníwàásù ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá kọ́gbọ́n lára yín. Ó ní tíṣà ni yín tẹ́lẹ̀, pé ẹ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí fèrè, pé ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ló ń láyọ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Mo dìde. Màámi fa ìró mi.

"Jókòó, ọmọ mi."

Mi ò jókòó. Mo jáde.

Kí ni oníwàásù mọ̀? Ṣé ó mọ̀ pé màṣíìnì ìránṣọ Màámi ni ẹ tà kí ẹ tó ra fèrè yẹn? Mo wà nílé. Ẹ de màṣíìnì náà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di téèpù ìwọnṣọ ọrùn wọn mú bí ẹni pé ẹ ó tún padà wá mú ìyẹn náà. Láti ìgbà náà, ìlú Ààyè ni wọ́n ń lọ bá èèyàn bó ẹ̀gẹ́ gbowó. Ẹ̀yin ń fọn fèrè níbi òkú Ọ̀yẹ́, òkú Ìdó, òkú Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ẹ ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ọ̀rá ẹran lẹ́nu yín. Ọwọ́ Màámi á ti là. Ṣé ẹ tiẹ̀ wo ọwọ́ yẹn rí?

Màámi bá mi lábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi wọ́n ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n rí: iṣẹ́ wo ni ọkàn tiwọn fẹ́?

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

"Uṣẹ́ aṣọ ni. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Ẹ ò sọ fún Bàbá?"

"Mo sọ. Ó ní kí n ní sùúrù, pé fèrè á ra òmíràn."

Fèrè ò ra nǹkan kan. Nítorí náà mo gbé e lọ sí Ìdó, mo tà á fún olórí ẹgbẹ́ onífèrè kan. Ó ní ohun ìrántí ni, ṣé ó dá mi lójú? Ó dá mi lójú. Màṣíìnì ni mo gbé bọ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Màámi gbé e sí. Aṣọ àwọn akọrin ni wọ́n kọ́kọ́ rán. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń wò wọ́n. Ọbẹ̀ ń jóná nínú ilé, wọn ò gbóòórùn rẹ̀. Ojú wọn ń dán. Irú ojú tí ẹ máa ń ní bí ẹ bá ń fọn fèrè nìyẹn, mo sì ti rò pé ẹ̀yin nìkan ni Ọlọ́run fún ní irú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìbínú mi ti le sí i. Ká ní ẹ ò mọ adùn rẹ̀ ni, ǹ bá ti dárí jì yín. Ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ sì dá a jẹ.

Tèmi ńkọ́? Ọ́fíìsì ni mo wà ní yunifásítì Ọ̀yẹ́, mò ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Kò dùn mọ́ mi, kò sì dùn mí. Ohunkóhun tó bá fẹ́ wù mí jù, mo máa ń sá fún un, kí ẹlòmíràn má baà fi ọwọ́ tó là san án. Ẹ̀yin lẹ gbin ẹ̀rù yẹn sí mi lára. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fà á tu?

Màámi mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí yín. Wọ́n ní kí n kí yín, pé àwọn kò bínú. Mo ti jíṣẹ́ wọn. Ìdáríjì tèmi ò tíì yá.

Èmi ọmọ yín, tó ṣì fẹ́ràn yín. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú.