Ohun Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Ẹni Tí Kì Í Sọ Pé Èmi Ni

Èmi, Yétúndé Èyítọ́pẹ́ Adéṣokàn, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mo ń gbé nínú ilé ara mi lẹ́yìn Ekenwan Road ní ìlú Benin, ni mo ń bá àwọn tí yóò jogún mi àti àwọn tí yóò pín ogún náà sọ̀rọ̀. Orí mi pé. Dókítà tí wọ́n ní kó yẹ̀ mí wò béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́, mo sọ fún un. Ó ní kí n ka òǹkà láti ogún padà sẹ́yìn, mo kà á. Mo wá bi í léèrè ẹ̀rí tí ó ní pé ìbéèrè méjì péré tó láti fi mọ̀ bóyá ọpọlọ ènìyàn pé. Ó sáré kọ ọ́ sílẹ̀ pé tèmi pé. Kíndìnrín nìkan ni kò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́.

Mo fi Yorùbá kọ ọ́ nítorí ọmọ mi kan ṣoṣo, Ṣùbòmí, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní GRA. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ sí i, Pijin ni yóò fi dá mi lóhùn. Òun ni mo fẹ́ kó ka ìwé yìí sókè níwájú gbogbo ènìyàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò ní sí níbẹ̀ láti gbọ́ “Mummy, abeg.”

Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, nítorí náà Ìrètíolúwa Akínfẹ́mi, akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ó kù díẹ̀ kí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ni ó ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú kọ̀ǹpútà bí mo ti ń pè é. Agbẹjọ́rò mi, Tóyọ̀sí Ajíbádé, jókòó tì wá láti rí i dájú pé kò yí ohunkóhun padà. Ǹ bá ti ní kí ó máa lọ sílé. Ọmọ yìí kò yí ọ̀rọ̀ mi padà rí. Bí mo bá ní kó kọ ọ́ pé omi a máa jó bí epo, yóò kàn béèrè bóyá kí òun fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ ni.

1. Gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú èyí di òfo, pàápàá èyí tí mo kọ ní ọ̀sẹ̀ tí Ṣùbòmí fi ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì sílẹ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣúná. Tóyọ̀sí Ajíbádé àti Ṣùbòmí ni mo yàn láti pín ogún mi. Wọn kò fẹ́ràn ara wọn, nítorí náà kò sí èyí tí yóò gbà kí èkejì ṣe màgòmágó.

2. Ilé mi àti ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, àyàfi ohun tí mo bá dárúkọ nísàlẹ̀, di ti Ṣùbòmí. Nígbà tí ó sọ fún mi pé òun kò ṣe sáyẹ́ǹsì mọ́, mo bínú débi pé a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí Ọdún Àjíǹde fi kọjá. Ó dúró ní ilé ìdáná, ó wò mí lójú, ó ní “Mummy, I no want am.” Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ bí wọn yóò ṣe máa wo ọ̀jọ̀gbọ́n lójú kí wọ́n sì sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n ṣe láìjẹ́ pé mo kọ́ ọ, òun ni mo lé lọ sí báńkì.

3. Ehoro funfun tó wà lẹ́yìn ilé náà di ti Ṣùbòmí pẹ̀lú. Kọ́ńtírólù ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dán oògùn kan wò ní ẹ̀ka tó múlé gbè wá, òun ni ehoro tí wọn kò fún ní ohunkóhun, kí wọ́n lè fi ara rẹ̀ wé ti àwọn yòókù. Àwọn yòókù ti kú tipẹ́. Ọkọ Ṣùbòmí máa ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò ọbẹ̀. Kí ó yáa mọ̀ pé bí wọ́n bá se ehoro yìí, ilé náà di ti ìjọ wa.

4. Agogo kékeré tí mo fi ń dá àwọn tó bá sọ̀rọ̀ ju àkókò wọn lọ dúró ní sẹ́mínà, mo fi í sílẹ̀ fún Ọ̀mọ̀wé Dọ̀tun Ṣèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́. Dọ̀tun mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí ó bá dúró níwájú àwùjọ, kóòtù rẹ̀ á máa dán, síláìdì rẹ̀ á máa fò wọlé láti ọ̀tún àti òsì, gbogbo ènìyàn á máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó bá jókòó tán ni àwọn ènìyàn á tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ohun tí ó rí nínú ìwádìí náà gan-an. Ó ti di olùdarí báyìí. Bí mo bá lè bu ìdajì ẹnu rẹ̀ fún Ìrètíolúwa, kí n sì bu ìdajì làákàyè Ìrètíolúwa fún un, ǹ bá fi ọkàn balẹ̀ kú, gbogbo wa ìbá sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ wa lọ́sàn-án òní.

5. Maikirosikóòpù mi, fíríìjì kékeré tí a ń kó àwo kòkòrò sí, ẹ̀rọ amúnáwá tí ń gbé e ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ, àti gbogbo ìwé mi, di ti Ìrètíolúwa.

Ó yẹ kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Wọ́n tọ́ ọ dáadáa nílé wọn ní Ọ̀wọ̀. N kò fẹ́ sọ pé wọ́n tọ́ ọ jù. Ní ọdún tí ó kọ́kọ́ dé láàbù mi, ásíìdì dà sílẹ̀, mo sì sáré wọlé láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, nínú ásíìdì náà gan-an. Yẹ̀rì rẹ̀ lu ní orúnkún méjèèjì. Mo kígbe mọ́ ọn pé kó dìde. Ó ní “Ẹ ṣé, mà.”

6. Férémù tó wà lára ògiri láàbù, mo fi í sílẹ̀ fún Ìrètíolúwa náà. Ìwé ẹ̀rí tó wà nínú rẹ̀, ó lè yọ ọ́ dànù. Ẹgbẹ́ kan ni ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ wọn ní ọgbọ́n tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń rọ́wọ́ mú lẹ́nu iṣẹ́: bí a ṣe ń bọ ènìyàn lọ́wọ́, bí a ṣe ń wò ó lójú, bí a ṣe ń dárúkọ ara ẹni. Wọ́n pín ìwé ẹ̀rí kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bóyá nítorí pé oúnjẹ ti jinná. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnwálé, olórí ẹ̀ka wa, pẹ́ kó tó dé, kò sì sí àga mọ́. Ìrètíolúwa dìde fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe dúró sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn agbóúnjẹ títí wọ́n fi parí ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe ń gba àyè rẹ̀ láwùjọ.

7. Ohun tó wà nínú ìlà yìí kì í ṣe ogún. Ẹjọ́ ni, mo sì fẹ́ rò ó.

Lẹ́yìn iṣẹ́ tí mo bá yàn fún un, Ìrètíolúwa máa ń lọ bu erùpẹ̀ dúdú lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì lójú Ekenwan Road. N kò rán an. N kò tilẹ̀ mọ̀. Nínú erùpẹ̀ yẹn ni ó ti rí kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dà sílẹ̀, tí koríko fi tún lè hù lórí ilẹ̀ náà. Nígbà tí ó fi hàn mí, mo jókòó, mo bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àwọn àlejò wá láti Jámánì, wọ́n ń wá ọ̀dọ́ kan tí wọn yóò pè wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn fún ọdún kan. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà lọ́jọ́ náà. Ìrètíolúwa ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kò kù síbì kan. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè pé ta ló ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ògúnwálé jókòó síwájú. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọ kò gbọdọ̀ dárúkọ ara rẹ̀ nígbà tí àgbà wà ní ìjókòó, nítorí náà ó nawọ́ méjèèjì sí Ògúnwálé, ó ní bàbá àwọn nìyẹn, pé iṣẹ́ wọn ni, lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni òun wà. Yorùbá èyíkéyìí tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Àwọn àlejò náà kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ògúnwálé ni wọ́n pè. Ó sì lọ. Ó lo ọdún kan láàárín àwọn ọ̀dọ́, ó ní ìwà wọn dára ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè ìbéèrè jù. Kóòtù òtútù kan ni ó rà bọ̀, ó sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn nínú ooru Benin.

Bí mo bá kú, òun ni yóò di alábòójútó Ìrètíolúwa. Ní oṣù Kẹrin, ọmọ náà yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọn yóò sì bi í ní ìbéèrè kan náà. Bí ó bá tún nawọ́ sí àgbà, orúkọ àgbà ni yóò ṣíwájú nígbà tí wọ́n bá tẹ iṣẹ́ náà jáde, òun á sì di ọmọ tó bá wọn bu erùpẹ̀. Ìyẹn ń dùn mí ju kíndìnrín lọ.

8. Ohun tí wọn kò kọ́ ọ ní hòtẹ́ẹ̀lì, mo fi sílẹ̀ fún un níhìn-ín. Bí ó bá ń kọ ímeèlì sí onímọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rí, kí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ó rí lójú ìlà àkọ́kọ́. Kí ó fi bíbéèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Bí kò bá mọ ìdáhùn, kí ó ní òun kò mọ̀, kó sì pa ẹnu mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, kò gbọdọ̀ gbé kúlà ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ wọlé fún àwọn olùdánwò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbóríyìn fún ẹran ju iṣẹ́ lọ. Kí ó sì má gbé báàgì ọ̀jọ̀gbọ́n kankan mọ́. Tèmi ni ìkẹyìn, ó ti gbé e tó, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

9. N kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnwálé. Kí ọ̀rọ̀ má bàa di ìjà, mo ti fi í ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí òfin kò gbà kí ẹni tó jẹ́rìí sí ìwé ìhágún jogún nínú rẹ̀. Ó wà ní pálọ̀ báyìí, ó ń mu tíì. Nígbà tí a ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó mú mi rìn títí dé Ogbe ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Dípò ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àkọlé àwọn iṣẹ́ tí ó ti tẹ̀ jáde ni ó ń kà fún mi. Èmi ni mo kọ méjì nínú wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, n kò ní purọ́ nínú ìwé òfin. Mo ní kí ó jẹ́ kí n ronú sí i. Mo ṣì ń ronú.

10. Àwárí kòkòrò tí ń jẹ ọ́ìlì, pẹ̀lú ọlá àti orúkọ tó bá ti inú rẹ̀ wá, ni mo fi sílẹ̀ fún Ìrètíolúwa Akínfẹ́mi, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ mi.

Níbi yìí ni títẹ̀ ti dúró. Mo ní kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo rò pé iná ló lọ. Mo wẹ̀yìn, mo rí i tí Ìrètíolúwa gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, tí ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Ó ní “Ẹ má bínú, mà. Ẹ ò lè fìyẹn sílẹ̀ fún mi. Kì í ṣe tiyín. Èmi ni mo rí i.”

Mo bi í léèrè ẹni tó ní kó máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kí òun ṣe é. Kò wolẹ̀, ojú mi ni ó ń wò. Agbẹjọ́rò ní òfin ti ọmọ náà lẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé mo sunkún, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ o. Kò burú. Kí ó kúnlẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ bó bá wù ú, bó bá ṣáà ti sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ fagi lé ìlà kẹwàá. Ìrètíolúwa Akínfẹ́mi ló ni àwárí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ni ín, n kò sì lè fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnwálé wọlé kó wá fọwọ́ sí i. Kò ní kà á. Kì í ka ohun tó bá ń fọwọ́ sí, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa ló mọ̀. Agbẹjọ́rò ṣàlàyé fún mi pé ohun tí ẹlẹ́rìí ń jẹ́rìí sí kò ju pé òun rí mi tí mo fọwọ́ sí i. Mo ní kí Ògúnwálé, tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lábẹ́ ìwé yìí, fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún ìgbìmọ̀ ní oṣù Kẹrin.

Mo fọwọ́ sí i ní ilé mi, ìlú Benin, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì, ọdún 2025.

Yétúndé Èyítọ́pẹ́ Adéṣokàn

Àwọn ẹlẹ́rìí:

Osagie Ehigiator, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò. Kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun kí òun tó fọwọ́ sí i, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adémọ́lá Ògúnwálé. Ó béèrè ibi tí òun yóò fọwọ́ sí, wọ́n sì fi hàn án.

Ẹni tó tẹ̀ ẹ́, tó sì yí ìlà kẹwàá padà: Ìrètíolúwa Akínfẹ́mi.