Ìtàn Mísì Clara tí Mo Sọ ní Kíláàsì

Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, 1965.

Grace mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà, ìwọ àti àwọn ọmọ? Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera. Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi gbọgbẹ́.

O rántí Mísì Clara, obìnrin Júù tó kọ́ wa ní ìránṣọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mò ń kọ́, kí wọ́n lè mọ ohun tí ojú àwọn Júù rí lọ́wọ́ ìjọba Jámánì. Hẹ́dìmásítà ní wọ́n ti kéré jù. O mọ orí kunkun mi. Mo sọ bí àwọn sójà ṣe lu bàbá Clara pa níṣojú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe fi gáàsì pa ìyá àti àbúrò rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé aládùúgbò kan ló nawọ́ sí ibi tí ìdílé Clara sá pamọ́ sí fún àwọn sójà.

Ní Sátidé, àwọn jàǹdùkú olóṣèlú ya wọ agbo ilé wa pẹ̀lú àdá àti bẹntiróòlù. Adégòkè ará ilé wa, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, ni wọ́n ń wá. Èmi àti Sẹ̀gilọlá, ọmọ kíláàsì mi tó ń gbé ní yàrá kejì sí tèmi, la rí i nígbà tó sá sínú yàrá igi ìdáná. Wọ́n bi ọmọ náà, kò dáhùn. Wọ́n gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ méjì yọ. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ àdá lù ú títí ẹ̀jẹ̀ fi bo aṣọ rẹ̀, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ọ̀kan wá da bẹntiróòlù sí i lórí, ó mú ìṣáná jáde. Grace, mo nawọ́ sí yàrá náà.

Wọ́n wọ́ Adégòkè jáde, wọ́n ṣá a, wọ́n sì dáná sun ún láàyè. Igbe rẹ̀ ò tíì kúrò létí mi.

Àtọ́kẹ́, ìyá Sẹ̀gilọlá, kúnlẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Tíṣà, ẹ gba ọmọ mi là. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín." Mi ò lè wò ó lójú. Ìyàwó Adégòkè, tó wà ní Ìwó lọ́jọ́ náà, ń bọ̀ lónìí. Ó ránṣẹ́ pé òun fẹ́ mọ ẹni tó nawọ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ibi wọlé rẹ, kó dá àwọn ọmọ rẹ sí fún ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bọ́lánlé.

Àfikún: Ìyàwó Adégòkè ti dé. Sẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ bi léèrè. Ọmọ náà dákẹ́, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Mo ní, "Èmi ni, mà." Obìnrin náà ò lù mí, kò ṣépè. Ó fa àpótí fún mi, ó ní kí n jókòó, kí n sọ bí ọkọ òun ṣe kú, kí n má fo nǹkan kan.