Òróró Fadá àti Èémí Kodoro

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìfaradà onílé rẹ. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá jẹ ọ́ tán kó tó tu egungun rẹ ránṣẹ́ sí wa. Àmín. Kí o tó ka ìyókù, wá ibi jókòó.

A rí èsì tí o fi sórí fóònù télọ̀ àdúgbò wa. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo, kò sí ọwọ́, kò sí apá. Àyà wa já. Mo ní ṣé ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ ló gé e ni, bàbá rẹ ní rárá, ó ní wò ó bó ṣe nàró, pé ìka tí wọ́n gé kì í rójú nà sókè bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ní ó túmọ̀ sí pé o ti gbọ́. Mo dúpẹ́ pé o gbọ́, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ka gbogbo ìka rẹ fún mi nígbà tí o bá ń kọ̀wé padà.

Ní ti bàbá rẹ, ìròyìn ayọ̀ wà. Ilé ìwòsàn ti ní kó máa lọ sílé! Dókítà fúnra rẹ̀ ló mú mi wọ yàrá kan tó ní àga tìmùtìmù, ó fún mi lómi tútù mu, ẹni tí kì í dá wa lóhùn tẹ́lẹ̀. Ó ní kó jẹ ohunkóhun tó bá wù ú. Iyọ̀ o, ṣúgà o, ọ̀rá o, gbogbo ohun tí wọ́n ti ń fi dẹ́rù bà á, wọ́n ti yọ̀ǹda ẹ̀. Wọ́n gba gbogbo oògùn kíkorò lọ́wọ́ wa, ó ku èyí tó ń pa ìrora nìkan. Ijó ni mo jó jáde. Nọ́ọ̀sì kan wò mí, ó yíjú sógiri. Mo rò pé ìlara ni.

Kìkì pé láti ìgbà tí a ti délé, ńṣe ló ń gbẹ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Ìwọ náà ṣáà mọ bí ayùn iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ ṣe máa ń dún nígbà tó bá há sínú pákó. Bẹ́ẹ̀ ni àyà rẹ̀ ń dún báyìí.

Ibẹ̀ ni Fadá ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Fadá ìjọ Kátólíìkì wa, èyí tó máa ń ti imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá fínra, ní òun fẹ́ wá fi òróró mímọ́ ra bàbá rẹ níwájú orí àti látẹ́lẹwọ́. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìyá oníbúrẹ́dì gba òróró yẹn, kò jí. Ọkọ afọṣọ gbà á, ó di ẹni ilẹ̀. Mo ní Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fi ra ẹni tó ń ṣàìsàn, tiwa ti ń gbádùn.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ Kodoro lọ. Ẹlẹ́sìn Búdà ni, ẹ̀yìn ilé télọ̀ ló ń gbé, ó fá orí rẹ̀ kodoro, aṣọ àwọ̀ ìyeyè kan ṣoṣo ló ń ró káàkiri, ó sì ń bẹ aláìsàn wò láìgba kọ́bọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó dijú. Mo bi í pé oògùn dà, ó ní òun ń mí ni. Mo ní ṣebí gbogbo wa là ń mí? Ó ní bí òun bá fà á sínú, ìrora bàbá ni òun ń gbà mọ́ra. Bí òun bá mí síta, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni òun ń fi ránṣẹ́ sí i. Ọmọ mi, ṣé o gbọ́? Ọmọ ọlọ́mọ, kó ru ikọ́ ọkọ mi lọ sílé! Nígbà tó ń lọ, mo sìn ín dé etí títì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tu ú sí gọ́tà kó tó wọlé. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó húkọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé omi gbígbóná lọ fún un.

Bàbá rẹ fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ayùn inú àyà rẹ̀ ń rọra fà.

Àfi lánàá, tí Kodoro wà nínú yàrá tí mo gbóhùn Fadá lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ogun dé! Mo ti Kodoro sẹ́yìn aṣọ ìkélé, aṣọ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Fadá wọlé, ó wo ẹsẹ̀ náà, ó ní, ẹ káàsán o, ẹnìkejì mi. Àṣé wọ́n ti ń pàdé lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn kiri àdúgbò! Inú bí mi. Mo ní wọ́n á sọ fún mi lónìí, ta ni yóò gbé ọkọ mi dìde nínú wọn. Kodoro wo Fadá, Fadá wo Kodoro. Fadá ní ọkàn ni òróró òun kọ́kọ́ ń wò, pé tí Ọlọ́run bá fẹ́, ara á tẹ̀ lé e. Kodoro ní ara gbogbo wa ló ń bàjẹ́, pé ẹ̀rù ni òun ń bá bàbá wò, kì í ṣe ikọ́. Àwọn tí kò fohùn ṣọ̀kan lórí Ọlọ́run rí, orí ohun tí kò wúlò fún mi ni wọ́n ti wá rẹ́! Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa, ṣebí ilé ìwòsàn ti ní kó máa lọ sílé.

Bàbá rẹ ló dá mi lóhùn. Ó ní, ìyá àwọn ọmọ mi, wọ́n ní kí n wá kú sílé ni.

Ó ní kí Fadá mú òróró wá. Wọ́n ní kí èmi àti Kodoro bọ́ síta kó lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. N kò fetí kọ́ wọn o, pákó tí bàbá rẹ fi ṣe ògiri yẹn ló tín-ín-rín. Mo ti múra sílẹ̀ de orúkọ obìnrin. Ohun tí mo gbọ́ kò ju pé, Fadá, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ rí. Ọkùnrin tó já bọ́ látorí òrùlé, tó gbọn ìdí, tó tún padà gùn ún.

Nígbà tí a wọlé, iwájú orí rẹ̀ ń dán. Fadá di ọwọ́ kan mú, Kodoro di èkejì, wọ́n jọ ń mí. N kò rí ibi tí màá dì mú, mo bá di ẹsẹ̀ mú. Èmi náà fà á sínú, mo fà á títí àyà mi fi fẹ́ bẹ́. Má bi mí bóyá ó ṣiṣẹ́. Ó sùn.

Fi owó oògùn ìrora ránṣẹ́, ó ti ń tán lọ, sì fi ti àga méjì kún un, torí orí garawa ni àwọn ẹni Ọlọ́run ń jókòó sí. Má fi sí báǹkì o. Ọmọ tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní owó mi wà nínú kọ̀ǹpútà, mo ní kó ṣí i kí n fojú rí i, ó ní kò ṣeé rí. Mú un wá fúnra rẹ, ìyẹn ló dáa jù. Ọ̀nà tó máa gbé ọ bọ̀ kò ní bá ọ jà. Ọmọ tìrẹ náà yóò mọ ilé rẹ wá.

Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé òun kò bẹ̀rù mọ́, kí o má torí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì mi ló dì mú tó fi ń sọ ọ́, kò sì tíì tú u sílẹ̀, ó ń dùn mí. Máa bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.