Ìròyìn Afárá Tí N Kò Kọ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Orúnkún mi ọ̀tún ní òjò ń bọ̀. Ojú ọ̀run ní irọ́ ni. Orúnkún ni mo gbà gbọ́.

Ọ̀gá Tuntun wá sílé lónìí — ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣe olórí igbó ìjọba lọ́dún tó kọjá. Bàbá Oníròyìn ló ń pè mí, bí gbogbo wọn. Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ Ìròyìn Igbó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ọ̀nà tó ṣí, ọ̀nà tó dí, oko tí erin wọ̀, ọjọ́ tí a ó sun koríko ààlà. Gbogbo abúlé etí igbó ló ń kà á kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ wọ ibẹ̀.

Igbó náà pé ogójì ọdún lóṣù yìí. Wọ́n fẹ́ tẹ ìròyìn àkànṣe. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun wá tọrọ: kí n jẹ́ kí wọ́n tún ìpínrọ̀ àwọn ẹyẹ tẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́. Ó kà á sókè níwájú mi, láìwo ìwé. Ilé ìwé ló ti kọ́ ọ.

“Ẹyẹ funfun mẹ́rìnlélógún sọ̀ kalẹ̀ sétí odò, ní òdìkejì afárá, bí ìgbà tí ènìyàn sá aṣọ funfun sórí koríko. Ẹ wá wò wọ́n kí ẹni tó sá a tó wá ká a.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo rí i pé òun kò gbàgbé.

Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Òjò rọ̀. Orúnkún jàre.

Kò yẹ kí n ti ní kí wọ́n tẹ àwọn ẹyẹ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìwé yìí, n kò sì kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ìròyìn: ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe tò tẹ̀léra.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Báyìí ni iṣẹ́ wa rí nígbà náà: bí ẹ̀ṣọ́ igbó bá ti ibi ìṣọ́ dé lọ́jọ́rú, yóò kọ ohun tó rí sínú ìwé ìṣọ́ rẹ̀, yóò ya ewé òkè, yóò jù ú sínú àpótí onígi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, èmi yóò ṣí àpótí, n ó ka ewé kọ̀ọ̀kan, n ó fi wọ́n kọ ìròyìn. Ọ̀sán ni awakọ̀ ń kó o lọ sí àwọn abúlé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, àwọn ẹyẹ ni mo fi gbogbo àárọ̀ kọ. Ọ̀gá àgbà kan ń bọ̀ láti olú ilé iṣẹ́, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé òǹkọ̀wé wà nínú igbó. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Nígbà tí awakọ̀ fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò tíì ṣe ti àwọn ọ̀nà. Mo da ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kọ. Gbogbo ọ̀nà ṣí. Afárá odò kejì ṣí.

Kò ṣí. Àna mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń ṣọ́ apá ibẹ̀ ti jábọ̀ pé pákó rẹ̀ ti jẹrà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tíṣà kan kó ọmọ ilé ìwé méjìlá wá wo ẹyẹ. Ó bá ẹ̀ka igi tí wọ́n fi dínà, ó gbé e kúrò. Ó ní ìwé ìròyìn ní ọ̀nà ṣí. Ó ní kí àwọn ọmọ dúró, kí òun kọ́kọ́ gùn ún wò. Ọmọ kankan kò ṣubú. Òun nìkan ló ṣubú. Ó kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Àìkú ni mo tó ṣí àpótí, tí mo rí ewé náà. Mo mú un lọ sílé. Mo fi í sínú ìwé atúmọ̀ èdè mi. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bi mí, mo ní kò sí ewé kankan nínú àpótí.

Wọ́n bi àna mi pé ìwé ìṣọ́ rẹ̀ dà. Ó ní ó bọ́ sódò. Nínú ọkàn mi, mo ní orí mi ló ṣe é. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kò jíṣẹ́. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló gbé ẹ̀ka wá.

Ìròyìn parí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Àkọ́bí mi pè. Ó ti gbọ́ nípa ìpínrọ̀ ẹyẹ, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ì bá dára ká ní ìyá òun wà láyé. Ó tún ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun ń wúkọ́, ó ti gbẹ, ṣé mo ti lọ wò ó? Mo ní mò ń bọ̀ wá lọ. Ọdún mẹ́rin nìyí tí a sin ìyá wọn, ọdún mẹ́rin sì ni mo ti ń “bọ̀ wá lọ”.

Mo rántí ìyá wọn. Bí mo bá gbé ìròyìn dé, òun ni mo ń kọ́kọ́ kà á fún, òun á máa ká aṣọ. Bí mo bá kà á tán, ìbéèrè kan náà ni. “Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?” Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò — mo ní ẹ wo ìyàwó mi, bí mo bá ka gbogbo ìwé ayé fún un, á ní ó kù díẹ̀. Àlejò á rẹ́rìn-ín. Òun á máa ká aṣọ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ti kùn ún. Àpótí onígi ti di ibi tí awakọ̀ ń kó kọ́kọ́rọ́ sí. Awakọ̀ ni ẹni tó ń fọn fèrè sí mi nígbà náà. Ó kù ọdún kan kó fẹ̀yìn tì. Ó ní, “Bàbá Oníròyìn, ẹ tètè o, ọkọ̀ ti fẹ́ lọ.” A jọ rẹ́rìn-ín. Tèmi kò dé ikùn.

Orí fóònù ni ìròyìn ń gbà báyìí. Wọ́n fi ti ọ̀sẹ̀ yìí hàn mí: erin mẹ́ta wọ oko àgbàdo lápá ìwọ̀ oòrùn, ẹ má fi òkò lé wọn, ọ̀nà òkè dí nítorí àgbàrá, ẹ̀rọ omi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ kan kò lè sọ pé ọ̀nà ṣí bí kò bá kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni òfin yìí bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́, láti ìgbà tíṣà kan.

Ọ̀gá Tuntun fẹ́ tẹ orúkọ gbogbo ẹ̀ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣí ìwé orúkọ, ó fi ìka sórí ọ̀kan tí wọ́n fi bírò pupa fagi lé. Ó ní ta ni eléyìí. Mo ní àna mi ni, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó rọra ní wọ́n ní òun ni kò jíṣẹ́ afárá, kí òun yọ ọ́ ni àbí kí òun fi í sílẹ̀?

Mo ní ohun tó bá tọ́ lójú rẹ̀ ni kó ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo sẹ́ ẹ. Ọ̀kan níwájú ìgbìmọ̀, ọ̀kan níwájú ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ewé náà ṣì wà. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé àna mi kò ṣá:

“Afárá odò kejì ti jẹrà. Mo ti fi ẹ̀ka dí i, àmọ́ ẹ̀ka kò tó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn pé kí ẹnikẹ́ni má gbabẹ̀.”

Kò lo ọ̀rọ̀ kankan tí kò wúlò. Èmi ni wọ́n ń pè ní òǹkọ̀wé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá Tuntun. Ojú ewé mẹ́ta. Mo kà á — ó dùn. Mo ya á. Àwọn ẹyẹ ni mo tún ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Mo kọ ọ̀míràn. Ìlà mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí àna mi ti ẹnu àjèjì gbọ́ ọ. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá Ẹsẹ̀-kò-gbélé.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ẹsẹ̀-kò-gbélé ni ìnagijẹ àna mi nígbà tó ń rin igbó. Nísinsìnyí, láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà ni ìrìn rẹ̀. Mo bá a tó ń so ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó kan pẹ̀lú okùn. Kò gbójú sókè.

Ó ní, “Àna tó bá wá láìránṣẹ́ ṣáájú, yálà ó fẹ́ yá nǹkan, tàbí ó fẹ́ jẹ́wọ́. Èwo ni tìrẹ?”

Mo gbé ewé náà lé e lórúnkún. Mo sọ ohun gbogbo. N kò to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, ó ń já bọ́ lẹ́nu mi ni. Ó ń wúkọ́, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó dìde, ó pẹ́ nínú yàrá. Àpótí páànù kan ló gbé jáde. Inú rẹ̀ ni ìwé ìṣọ́ rẹ̀ wà. Èyí tó bọ́ sódò. Ó gbẹ táútáú.

Ó ṣí i sí ojú ewé kan. Mo ti gbàgbé pé wọ́n máa ń fi ìwé kábọ̀n sábẹ́ ewé òkè, kí ọ̀rọ̀ lè hàn sí ewé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ọwọ́ kan náà, ní àwọ̀ búlúù.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi í han ìgbìmọ̀. Ohun tó sọ nìyí, mo ń kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ:

“Àbúrò mi rí ọ nígbà tí ò ń fi í sínú ìwé. Oyún oṣù méje ló gbé wá bá mi. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kó tẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá tú u fó, kò ní di ènìyàn mọ́ láé.’ Mo ní ó dáa. Ọ̀sẹ̀ pé. Ó ní kí n tún dúró díẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo bi í pé ṣé kí a ṣì máa dúró. Ó mi orí pé ká máa dúró.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun.”

“Má dúpẹ́. Kì í ṣe ìwọ ni mo ṣe é fún.” Ó dé àpótí páànù. “Ìbínú mi ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sùn. Mú ewé méjèèjì lọ. Kí o sì bá mi di okùn yìí mú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.”

Mo dì í mú. A so ẹsẹ̀ àpótí náà tán. Kò ní kí n jókòó lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. “Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?”

Ìyá wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo fún Ọ̀gá Tuntun ní lẹ́tà àti ewé méjèèjì. Ó kà wọ́n ní àkàtúnkà. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa sọ?” Mo ní mo mọ̀. Ó ní wọ́n kọ́ òun ní ìpínrọ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí ohun tó dára jù tí a kọ nípa igbó wa. Mo ní ìpínrọ̀ yẹn ló pe tíṣà wá sórí afárá. Nígbà tí mo ń lọ, kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ó máa ń sìn mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ìròyìn jáde. Kò sí ẹyẹ. Ojú ewé àkọ́kọ́:

“Àtúnṣe. Ní ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ìròyìn yìí kọ ọ́ pé afárá odò kejì ṣí. Kò ṣí. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jíṣẹ́ ní àkókò. Oníròyìn kò ka iṣẹ́ tó jẹ́ títí ọjọ́ Àìkú, ó sì fi í pamọ́. A dá orúkọ ẹ̀ṣọ́ náà padà sí ipò rẹ̀. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, àti lọ́wọ́ ìdílé tíṣà.”

Mo lọ sí ìta láti ra búrẹ́dì. Àwọn kan kí mi. Àwọn kan rántí nǹkan tí wọ́n ń wá nínú àpò wọn.

Àkọ́bí mi pè lọ́sàn-án. Ó ti kà á lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ó ní:

“Bàbá, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?”

Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀, àbí inú ẹ̀jẹ̀ ló wà.

Mo ní rárá.

Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Mo parọ́ fún Ẹ̀gbọ́n, mo parọ́ fún Ọ̀gá Tuntun, mo parọ́ fún ìwé yìí tí ẹnì kankan kì í kà. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà ni mo ṣí àpótí. Ewé rẹ̀ ló wà lókè. Mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ — “Afárá odò” — mo da ojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, mo ní bí mo bá parí àwọn ẹyẹ, n ó kà á.

Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé aago mélòó ni ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n máa ń gbéra láàárọ̀. Mo ní aago méje.

Mo ti nu bàtà mi.