Èmi Ni Mo Di Àtàǹpàkò Wọn Mú

Àǹtí Bọ́látitó, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ohun tí mo rí láàárọ̀ Sátidé tó kọjá nìyí: agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa nínú ọkọ̀ akẹ́rù, bẹ́ǹṣì mọ́kànlá, tábìlì pẹpẹ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, àti ìyá mi tó di ìgbálẹ̀ mú, tí kò gbálẹ̀.

Orí òkè ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, lọ́nà Ọlà. Àwọn ìyá láti abúlé mẹ́rin ló fi orí ru òkúta tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn àgbà ìjọ ti wá kó o lọ sẹ́bàá títì, ìrìn wákàtí méjì fún àwọn arúgbó wa.

Màmá Ọmọpẹ́, ọ̀kan lára àwọn ìyá náà, bi wọ́n pé, "Ta ló fún yín láṣẹ?"

Akọ̀wé ìjọ na ìwé sí i. "Ìka yín kọ́ rèé, Màmá? Àbí ẹ fi yá aládùúgbò ni?"

Èmi ni mo di àtàǹpàkò àwọn ìyá tí kò mọ̀wé mú lóṣù tó kọjá, tí mo tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà àti sórí ìwé. Akọ̀wé ní ká fi mọ àwọn tó wá sípàdé lásán ni, kí n ṣáà fi òkè ìwé sílẹ̀ lófìfo. Ibẹ̀ ló padà kọ ọ́ sí pé gbogbo wa fọwọ́ sí i kí wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá!

Màmá Ọmọpẹ́ ní, "Irọ́ ni. Ọmọ wa ló bá wa tẹ̀ ẹ́, kò lè tàn wá." Ìyá mi wò mí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún wọn ni, àbí kí n dákẹ́, kó má baà di pé wọn ò ní gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́? Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tó fẹ̀yìn lélẹ̀.