Àwòrán Bàbá Tó Ń Ṣí

Ẹ̀gbọ́n mi Tẹ́júọlá,

Gbogbo wa l'Ágége kí yín àti ará ilé yín ní Lọ́ńdọ̀n. Ẹsẹ̀ Màámi ò wú mọ́.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Àwòrán olóògbé Bàbá ni mo ń sá sóòrùn bí aṣọ, kí ọ̀rinrin má baà bà á jẹ́. Akeem tó yà á ní ọ̀dà ògiri lòun fi yà á, torí ètò ọrọ̀-ajé SAP ìjọba gbówó lé ọ̀dà òyìnbó. Oòrùn ló ń mú kó ṣí. Ojú Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Màámi ní ojú àwọn ló ń fọ́. Mi ò tíì lè jẹ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò Bàbá tó wà lọ́wọ́ yín ránṣẹ́, kí Akeem fi tún un yà. Ọlọ́run á pa yín mọ́. Tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí Màámi, ẹ má dárúkọ oòrùn.

Àbúrò yín,
Fọláyọ̀