Omi Tí Bàbá Rẹ Béèrè

Ifọ̀,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Muqtadir, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Rasheedah ìyàwó rẹ ńkọ́? Àbẹ̀bí mi tí ẹ ń pè ní Hikmah ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́hun kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà ní Mowé. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò sì ní fi í pamọ́ fún ọ.

Nígbà tí o fi Hikmah sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn Iléyá, mo lọ ra ata lọ́jà, mo fi í ti bàbá rẹ tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó dìde mọ́. Kí n tó dé, ètè bàbá ti gbẹ. Ó ní òun bẹ ọmọ pé kó bu omi wá títí ó fi sú òun. Ọmọ kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yes, Grandpa," ó padà sídìí tẹlifíṣàn. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Nígbà tí mo gbé ife lé e lọ́wọ́, tí mo nawọ́ sí kúlà, ó sáré bu omi, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ọmọ ọdún méje kò mọ ohun tó ń jẹ́ omi nílé bàbá bàbá rẹ̀!

Mo pè ọ́ lórí fóònù. O ní, "Màámi, ẹ má bínú, tíṣà wọn ló ní ká má fi Yorùbá da ọpọlọ ọmọ rú." Da ọpọlọ rú kẹ̀? Ọmọ mẹkáníìkì Ìgbò tó wà lójúlé kejì yín ń sọ Ìgbò nílé, Yorùbá lójúde, Òyìnbó níléèwé. Òun ló kí mi káàbọ̀ nígbà tí mo wá. Ọpọlọ tirẹ̀ kò dàrú.

Ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́? Bí ẹ bá ń jà, Yorùbá ni. Bí ẹ bá ń ṣeré, Yorùbá ni. Nígbà tí Rasheedah ń rọbí Hikmah, Yorùbá ló fi ké pe Ọlọ́hun, mo wà níbẹ̀. Òyìnbó tí ẹ̀yin fúnra yín ń wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tì nìkan lẹ wá fún ọmọ. Ta ló rán yín? N kò ní kó má gbọ́ Òyìnbó. Ẹ fi tiwa kún un ni mo wí.

Ẹ mú ọmọ wá fún mi ní ọlidé. Bàbá rẹ ti dàgbà, ó sì ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá a sọ.

Ọlọ́hun á dá ọmọ sí fún yín, ọmọ náà á sì tọ́jú yín lọ́jọ́ ogbó. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Ròkíátù.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí kí n tó tún un ṣí. Láti àná ni bàbá rẹ ti ń bẹ Nùsírátù àbúrò rẹ pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi Òyìnbó béèrè omi. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, ó ń tún un wí: "Wọ́tà, pílíìsì. Wọ́tà, pílíìsì."